Ipa Èdè Yorùbá Nínú Àyẹ̀wò Àìsàn Àtọ̀gbẹ àti Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Aláìsàn

Àṣamọ̀

Àtọ̀gbẹ jẹ́ àìsàn tí kì í tètè fara hàn. Ó lè fi ọ̀pọ̀ ọdún máa ba ojú, kíndìnrín, ẹsẹ̀ àti ọkàn jẹ́ kí ẹni tí ó ń ṣe tó fura. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ipa tí èdè Yorùbá ń kó nínú èrò àwọn ènìyàn nípa àìsàn náà. Ó ṣe ìtúpalẹ̀ orúkọ rẹ̀, ó fi orúkọ náà wé ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn fi hàn, ó sì yẹ díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún aláìsàn wò. Àbájáde rẹ̀ ni pé àmì ìgbẹ̀yìn àìsàn náà ni orúkọ rẹ̀ ń sọ, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ó dábàá pé kí olùkọ́ èdè Yorùbá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè tí yóò mú kí ènìyàn lọ ṣe àyẹ̀wò nígbà tí ara ṣì le.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìlera loògùn ọrọ̀. Wọ́n tún ní òkèèrè ni olójú jíńjìn ti ń mẹ́kún sun. Ohun tí òwe kejì yìí ń kọ́ni ni pé ẹni tí ó mọ ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó fún òun kì í dúró di ìgbà tí ọ̀ràn bá dé tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìpalẹ̀mọ́. Síbẹ̀, ní ti ọ̀rọ̀ ara, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tẹ̀lé òwe yìí. Ẹni tí ibì kankan kò bá dùn ni a gbà pé ara rẹ̀ le. Ẹni tí ara rẹ̀ bá sì le kì í rí ohun tí yóò lọ ṣe ní ilé ìwòsàn.

Àtọ̀gbẹ wà lára àwọn àìsàn tí ń jẹ àǹfààní èrò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2021, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ ṣírò rẹ̀ pé mílíọ̀nù 537 àgbàlagbà ni ó ní àìsàn náà ní gbogbo ayé, àti pé àwọn tí kò mọ̀ pé àwọn ní in fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ní agbègbè Áfíríkà, mílíọ̀nù 24 ni wọ́n, àwọn tí kò mọ̀ sì ju ìdajì lọ. Ní Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n O. O. Akínkùgbé ṣe olótùú ìjábọ̀ rẹ̀ ní 1997 fi hàn pé nǹkan bí àgbàlagbà 2 nínú 100 ni ó ní in. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó àbájáde oríṣiríṣi ìwádìí jọ ní 2018, iye náà ti sún mọ́ 6 nínú 100.

Ẹnì kan lè bèèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Dókítà ni ó ń ṣe àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n èdè ni ó ń gbé ènìyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà, èdè náà ni ó sì ń sọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí ó bá padà délé. Bí èdè bá gbé èrò tí kò tọ́ sí i lọ́kàn, ìtọ́jú tí ó dára jù lọ lè má ṣe é ní àǹfààní.

Bí Àtọ̀gbẹ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Oúnjẹ tí a fi iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ìrẹsì tàbí ìyẹ̀fun ṣe máa ń di ṣúgà nínú ìfun, ṣúgà náà a sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ ni ó ń pèsè ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ínsúlínì. Ínsúlínì ni ó ń jẹ́ kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kí ó wọ inú ẹran ara, kí ó sì di agbára. Bí ínsúlínì kò bá sí, tàbí bí ó bá wà tí ara kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ṣúgà yóò máa kún inú ẹ̀jẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Nínú oríṣi kìíní, ara ẹni fúnra rẹ̀ ni ó ń ba ibi tí ínsúlínì ti ń jáde jẹ́. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni ó sábà máa ń mú, ó sì máa ń yára fara hàn. Oríṣi kejì ni ó pọ̀ jù lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wọlé, ó sì lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsọ̀rọ̀. Oríṣi kẹta ni èyí tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà oyún. Oríṣi kejì ni iṣẹ́ yìí dá lé jù lọ, nítorí pé òun ni ó ń fara pamọ́ jù.

Ìtúpalẹ̀ Orúkọ Àìsàn Náà

Ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá ni àtọ̀gbẹ. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ni a fi mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, tọ̀ àti gbẹ. Irú ìṣẹ̀dá yìí kan náà ni ó wà nínú àjẹyó, èyí tí í ṣe jíjẹ títí ènìyàn fi yó, àti àmupara, èyí tí í ṣe mímu títí ọtí fi pa ènìyàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ sọ ohun tí ènìyàn ń ṣe, èkejì sọ ibi tí ó já sí. Àtọ̀gbẹ, nígbà náà, ni títọ̀ títí ènìyàn fi gbẹ.

Kì í ṣe àtọ̀ ọkùnrin ni orúkọ náà ń sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìró wọn jọ ara wọn. Ó yẹ kí olùkọ́ la ìyàtọ̀ yìí yé akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àìsàn ọkùnrin nìkan ni. Àti ọkùnrin àti obìnrin ni ó ń ṣe.

Orúkọ yìí fi hàn pé àwọn baba ńlá wa lákíyèsí púpọ̀. Wọ́n rí ẹni tí ó ń tọ̀ lálẹ́ lemọ́lemọ́, tí òùngbẹ ń gbẹ, tí ó ń jẹun ṣùgbọ́n tí ó ń rù. Orúkọ kejì, ìtọ̀ ṣúgà, wá láti inú irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni náà bá tọ̀ sílẹ̀, èèrà a ṣù bò ó. Títí di òní, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó ń fi èèrà yẹ ara wọn wò: bí èèrà kò bá sí nídìí ìtọ̀, wọ́n gbà pé kò sí àtọ̀gbẹ.

Ibí yìí gan-an ni ìṣòro wà. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ìṣègùn, bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò tíì jẹun láti òru mọ́jú bá tó mílígíráàmù 126 nínú dẹ̀sílítà ẹ̀jẹ̀ kan, tí àyẹ̀wò mìíràn sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ẹni náà ti ní àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n kíndìnrín kì í sábà jẹ́ kí ṣúgà jò sínú ìtọ̀ títí yóò fi tó nǹkan bí 180. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ bá wà láàárín 126 sí 180 ti wọ inú àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ̀ rẹ̀ kò dùn, òùngbẹ lè má gbẹ ẹ́, èèrà kò sì ní wá. Ó lè wà nínú àlàfo yìí fún ọdún púpọ̀. Orúkọ tí Yorùbá mọ àìsàn náà sí kò tíì bá a wí, ṣùgbọ́n àìsàn náà ti ń bá iṣẹ́ lọ.

Orúkọ náà kò burú, kò sì yẹ kí a pa á tì. Ohun tí ó yẹ ni kí olùkọ́ máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé orúkọ ìgbẹ̀yìn ni, kí ó sì fi ìpèdè mìíràn tì í, bí àpẹẹrẹ, ṣúgà púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí kò dúró de ìtọ̀ tàbí rírù kí ó tó jẹ́ òótọ́.

Ìpalára Tí Ó Ń Ṣe Lábẹ́lẹ̀

Ṣúgà tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ máa ń ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké jẹ́. Àwọn òpó kéékèèké wọ̀nyí pọ̀ ní ẹ̀yìn ẹyinjú, nínú kíndìnrín àti nídìí àwọn iṣan ìmọ̀lára. Ìdí nìyí tí àtọ̀gbẹ fi lè fọ́ ènìyàn lójú, tí ó lè sọ kíndìnrín di aláìṣiṣẹ́, tí ó sì lè pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀. Ó tún ń ba àwọn òpó ńlá jẹ́. Èyí ni ó ń fa àìsàn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá tún kún un, ewu náà a lé sí i.

Ìwádìí ńlá kan tí a ṣe ní Bìrìtéènì, tí a gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1998, tẹ̀lé ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti díẹ̀ ènìyàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ní oríṣi kejì. Nǹkan bí ìdajì wọn ni àmì ìpalára ti wà lára wọn ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ sọ fún wọn. Ìwádìí kan náà fi hàn pé nínú àwọn tí a mójú tó ṣúgà wọn gidigidi, ìpalára òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké dín kù ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1993, ìwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ti fi irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ hàn nípa oríṣi kìíní. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Àyẹ̀wò Tí Ó Yẹ Ní Ṣíṣe

Àyẹ̀wò ṣáájú àmì ni àyẹ̀wò tí a ṣe fún ẹni tí kò ráhùn ohunkóhun. Ọ̀nà mélòó kan ni a lè gbà ṣe é. Èkíní ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láìjẹun fún wákàtí mẹ́jọ, ó kéré tán. Èkejì ni àyẹ̀wò wákàtí méjì lẹ́yìn tí a bá mu omi ṣúgà tí a wọ̀n; bí ó bá tó 200, àtọ̀gbẹ ni. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a ń pè ní HbA1c, tí ó ń sọ bí ṣúgà ti rí láti nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, ìdá 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ààlà tirẹ̀. Àmọ́ HbA1c kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lára kí ó tó kú. Èyí ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí àwọn onírú ẹ̀jẹ̀ náà kò ti ṣọ̀wọ́n.

Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n ṣáájú níbi àyẹ̀wò ni ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, ẹni tí ó sanra jù, ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àti obìnrin tí ó ti ní àtọ̀gbẹ nígbà oyún tàbí tí ó bí ọmọ tí ó tóbi púpọ̀. Aboyún sábà máa ń ṣe tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28. Ní Amẹ́ríkà, láti 2022, ọjọ́ orí tí àwọn onímọ̀ àtọ̀gbẹ dá pé kí gbogbo ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni ọdún 35.

Àyẹ̀wò kò parí síbẹ̀. Ẹni tí a bá rí oríṣi kejì lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀ wò lọ́gán, kí ó sì máa ṣe é lóòrèkóòrè. Lọ́dọọdún ni ó yẹ kí a yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò bóyá purotéènì ń jò láti inú kíndìnrín, kí a sì fi okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ìmọ̀lára ṣì wà níbẹ̀.

Síbẹ̀, àyẹ̀wò nìkan kò tó. Ìwádìí kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012, kò rí i pé pípe àwọn ènìyàn wá fún àyẹ̀wò nìkan dín iye ikú kù láàárín ọdún mẹ́wàá. Lọ́wọ́ kejì, ìwádìí tí a ṣe ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní 2002, kọ́ àwọn tí ṣúgà wọn ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì dé ibi àtọ̀gbẹ ní bí wọn yóò ṣe jẹun, tí wọn yóò sì máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Iye àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ nínú wọn dín kù ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ìwádìí méjèèjì ń sọ ni pé àyẹ̀wò a máa ṣí ilẹ̀kùn, ẹ̀kọ́ ni ó ń mú ènìyàn wọlé.

Èdè Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Aláìsàn

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gba àkíyèsí ni wò. Nínú èdè Yorùbá, ẹni tí a wò ni a retí pé kí ara rẹ̀ dá. Bí olùtọ́jú bá sọ pé, "Oògùn yìí ni yóò wò ó," aláìsàn lè gbọ́ ọ bí ẹni pé yóò wò ó sàn. Nígbà tí ṣúgà rẹ̀ bá wálẹ̀, yóò dá oògùn dúró, yóò ní àìsàn ti lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó bá òótọ́ mu ni kápá tàbí ṣe àmójútó. Ohun tí a kápá kò tíì kúrò. Bí a bá tú u sílẹ̀, yóò dìde. Ìyàtọ̀ kékeré yìí láàárín ọ̀rọ̀-ìṣe méjì lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ojú tí ó ríran àti èyí tí ó fọ́.

Èkejì ni ìbéèrè nípa ìrora. "Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn yín, Mà?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ "Rárá, kò dùn mí," ìyá náà gbà pé ìròyìn ayọ̀ ni òun mú wá. Ṣùgbọ́n bí egbò bá wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò sì dunni, ewu ńlá ni: ìmọ̀lára ti kú. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí a gé, irú egbò bẹ́ẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìbéèrè tí ó dára jù ni: "Ẹ jọ̀wọ́ Mà, ṣé ẹ mọ ilẹ̀ lára dáadáa bí ẹ bá ń rìn? Ṣé ó ń ṣe yín bí ẹni pé èèrà ń rìn lẹ́sẹ̀ yín? Ṣé ó ń jó yín bí iná lóru?" Yorùbá kò tòṣì ní ti ọ̀rọ̀ ìmọ̀lára, a kàn ní láti lò wọ́n ni.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Nítorí orúkọ náà, ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀pọ̀ gbà pé ẹni tí kò fi ṣúgà sí ẹ̀kọ ti bọ́. Ẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀ yóò di ṣúgà nínú ara. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀bà, àmàlà, iyán àti ìrẹsì. Àwọn mìíràn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kò ní ṣúgà, wọ́n a sì fi àmàlà rẹ̀ kún àwo. Ìwọ̀n oúnjẹ ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ dá lé: kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀. "Ẹ má jẹ ẹ́ mọ́" máa ń lé aláìsàn sá. "Ẹ dín in kù, ẹ fi èyí kún un" ni ó ṣeé tẹ̀ lé.

Ẹ̀kẹrin ni àdàpè. Yorùbá kì í fẹ́ dárúkọ àìsàn búburú. Ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń pe ṣọ̀pọ̀nná, kí wọ́n má baà pè é wá sílé. Irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú kí ẹni tí a ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò dáhùn pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ má fi àìsàn lọ̀ mí." A kò gbọdọ̀ fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Àṣà kan náà ní èsì tirẹ̀: bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Ẹni tí ó wá a wò kọ́ ni ó pè é wá.

Iṣẹ́ Olùkọ́ èdè Yorùbá

Láti 1970 ni Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá jẹ́ òpómúléró rẹ̀, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olótùú rẹ̀ ní 1984, sì fún àwọn olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nípa èdè àti lítíréṣọ̀. Ìlànà kan náà ni ó yẹ kí a mú dé ọ̀rọ̀ ìlera. Ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ṣeé tẹ̀ lé ní ilé ẹ̀kọ́ girama àti nígbà ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́:

1. Nínú ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ, kí olùkọ́ lo àtọ̀gbẹ fún àpẹẹrẹ, kí ó sì bèèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ohun tí orúkọ náà sọ àti ohun tí ó fi sílẹ̀ láìsọ.

2. Nínú ẹ̀kọ́ ìsọ̀rọ̀gbèsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì ṣe bí nọ́ọ̀sì àti ìyá àgbà, kí àwọn yòókù sì tọ́ka sí ìbéèrè tí ó lè ṣini lọ́nà.

3. Nínú àròkọ, kí wọ́n kọ lẹ́tà sí àgbàlagbà kan nínú ẹbí, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí ó yẹ, láti rọ̀ ọ́ pé kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò.

4. Kí olùkọ́ má bèèrè ní gbangba ẹni tí ó ní àìsàn nínú ilé akẹ́kọ̀ọ́ kankan, kí ó má sì júwe oògùn. Ilé ìwòsàn ni ó ní iṣẹ́ yẹn.

Kò yẹ kí a gbàgbé ọ̀rọ̀ owó. Òfin ìbánigbófò ìlera tí a fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé orílẹ̀-èdè yìí, ṣùgbọ́n apò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ṣì ń ná. Nítorí náà, kí olùkọ́ wádìí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà nítòsí àti iye tí wọ́n ń gbà fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ má baà jẹ́ ti ẹnu lásán.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé orúkọ tí Yorùbá fún àtọ̀gbẹ jẹ́ àkíyèsí tí ó péye nípa ìgbẹ̀yìn àìsàn náà, àti pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní ìrora, kò ní òùngbẹ, kò sì ní èèrà. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé wò àti kápá kì í ṣe ọ̀kan náà, àti pé "kò dùn mí" lè jẹ́ ìròyìn búburú. Ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdọọdún ni a yà sọ́tọ̀ fún àtọ̀gbẹ ní àgbáyé. Ọjọ́ náà dára fún irú ẹ̀kọ́ yìí ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Yorùbá ní ohun tí a kò bá fẹ́ kí ó bàjẹ́, ojú ni a fi ń tọ́jú rẹ̀. Ojú gan-an sì wà lára ohun tí àìsàn yìí ń bàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ èyí, tí ó sì lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ àgbà ní Yorùbá tí ó já gaara, ti ṣe ìdá kan nínú iṣẹ́ ìwòsàn.